Ó Pa Fìtílà, Kò Pa Olè

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà

Ọ̀gá pè wá sí yàrá ìpàdé láàárọ̀, kò tilẹ̀ jẹ́ ká jókòó tán. Obìnrin yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sápò. Ó ní owó tó wà nílẹ̀ kò lè gbé oògùn méjì mọ́. Ọ̀kan ló máa tẹ̀ síwájú: Mọ́kànlá tèmi, tàbí Ogójì ti Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò tó ń náwó lé wa lórí yóò dé ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje. Oògùn tí kò bá yege, wọn yóò dà á nù, wọn yóò sì tú àwọn tó ń ṣe é ká.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń tọ́ Mọ́kànlá. Ọmọ tí mo bí gan-an kò rí mi tó bẹ́ẹ̀. Mo wo Ẹlẹ́rìn-ín, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá sọ fún ọkùnrin yìí pé ilé rẹ̀ ń jó, yóò kọ́kọ́ fi eyín hàn ná.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo mú un wá síbí. Àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fa omi oògùn sínú àwo oníhò láìjẹ́ kí ó kán sílẹ̀. Nísinsìnyí ó ti ní tábìlì tirẹ̀, ó ní àwọn èèyàn lábẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ìjókòó lábẹ́ ìdí mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Òjò láti ìdájí. Omi kún bàtà mi. Mo dé ibi iṣẹ́, mo rí i pé Ẹlẹ́rìn-ín ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó fún ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀, láti òní títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ní! Mo lọ bá a.

Mo ní, "Pa orúkọ ẹ rẹ́ níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Ẹni tó tètè dé odò ló ń pọn omi tó mọ́."

Ìyàwó wa! Lójú gbogbo òṣìṣẹ́! Nílé, mo gbà: àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Mo ń pè é ní ẹ̀yin, mo ń pè é ní ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti ń ṣiṣẹ́ gba owó oṣù nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n láàbù kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Níbí, ìwọ ni màá máa pè é títí láé. Ẹni tí inú bá fẹ́ bí, kó bí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá ọkọ mi, la wà lónìí. Ẹlẹ́rìn-ín na ara rẹ̀ sórí àga, èmi ni mo ń gbé omi fún un. "Ẹ gbà, ọkọ mi."

Màmá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ tiẹ̀ ń bá ara yín jà sí níbi iṣẹ́ yẹn? Ẹ sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé mi."

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ẹ́ la ẹnu, mo gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ẹ rántí àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó pa Bàbá. Purotéènì kan ló ń fà á. Olè la máa ń pè é. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, agbálẹ̀ wà tó máa ń fọ́ purotéènì tó bá ti bàjẹ́ sí wẹ́wẹ́. Olè yìí ń kọjá níwájú agbálẹ̀ lójoojúmọ́, agbálẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lólè. Oògùn tiwa, alárinà ni. Á fi ọwọ́ kan di olè mú, á fi ọwọ́ kejì di agbálẹ̀ mú, á fà wọ́n súnmọ́ra. Agbálẹ̀ á sì fọ́ ọ."

"Alárinà fúnra ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Á fi wọ́n sílẹ̀, á lọ wá olè mìíràn."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ojú mọ ojú, alárinà yẹ̀bá. Kò kúkú ṣàjèjì. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé olè ti kú?"

"A so fìtílà kékeré kan mọ́ ọn lára. Tó bá kú, fìtílà náà á kú." Mo yíjú sí Ẹlẹ́rìn-ín. "Àmọ́ oògùn ẹ̀tàn wà, Màmá, tó jẹ́ pé fìtílà ló ń pa, kì í pa olè."

Ó mu omi rẹ̀. Màmá ní èyí tó bá ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, kí a tètè ṣe é, nítorí Bàbá kò rí i lò.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo jó! Mo jó níwájú ẹ̀rọ, mi ò bìkítà ẹni tó ń wò mí. Mọ́kànlá mú ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ó fi kù bíńtín. Bí mo ṣe ń fi oògùn kún un ló ń wálẹ̀ sí i.

Ogójì ńkọ́? Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó dúró. Nígbà tí wọ́n sì fi kún un dáadáa, ìmọ́lẹ̀ tún padà wá. Mo mọ ohun tó fa ìyẹn. Ọmọ ọjọ́ kan nínú láàbù mọ̀ ọ́n: alárinà ti pọ̀ jù. Èyí di olè mú, ìyẹn di agbálẹ̀ mú, kò sí èyí tó fa àwọn méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe àbùkù rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá yínmú sí i, mi ò ṣàlàyé. Ta ló gbà mí ní agbẹjọ́rò Ogójì?

Ẹlẹ́rìn-ín wá dúró tì mí. Ó ní, "Alárinà tiyín kì í pọ̀ jù ni?"

Mo ní, "Tèmi gbọ́n ju tìẹ lọ ni."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Omi tí sẹ́ẹ̀lì ń mu tún ti gbówó lórí. Ẹni tó ń tà á ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Ẹjọ́ ta wá ni? Ẹjọ́ sẹ́ẹ̀lì?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìpàdé di ìjà. Ẹlẹ́rìn-ín dìde, ó fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ó ní, "Ogójì ò yára, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń ṣe." Bí ẹni fi ata sí mi lójú. Òótọ́ kẹ̀? Tèmi wá jẹ́ irọ́? Mo dìde lójú ẹsẹ̀. Mo ní ta ló mọ̀ bóyá Ogójì pa olè kankan rí? Bóyá ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń dínkù yẹn, fìtílà ló ń fún lọ́rùn.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká tọ́ sẹ́ẹ̀lì tó ní fìtílà lásán, tí kò ní olè nínú. Ká da Ogójì sí i. Tí fìtílà bá kú níbi tí kò ti sí olè, àṣírí tú nìyẹn."

Ẹ̀rín rẹ̀ kéré sí i. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀.

Ó ní, "Kò burú. Kí ẹ da Mọ́kànlá náà sí i."

"Kí ló dé tí mi ò ní dà á?"

Ọ̀gá ní ọwọ́ gbogbo èèyàn ti kún, kí ẹni tó mú àbá wá lọ tọ́ sẹ́ẹ̀lì náà fúnra rẹ̀. Mo gbà kíákíá. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni lórí iṣẹ́ tí mo ní tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò tí mo fẹ́ gbẹ́ fún ẹlòmíràn kì í rẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Gbogbo sẹ́ẹ̀lì mi ti kú. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù gbígbóná tí wọ́n ń gbé láàárọ̀, gbogbo àwo ti bu, ó funfun bí òwú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún ìbínú.

Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn? Èmi àti ẹnì kan tó máa ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀. Mo ní, "O ti ṣe é tán, àbí? O rò pé mi ò ní mọ̀?" Ó ní òun kò wọ yàrá náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní irọ́ ló ń pa. Mo sọ ọ́ kíkankíkan, kí àwọn tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè bá mi gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Ó ti lọ rojọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ mi dé, kò bọ́ bàtà.

"O pe àbúrò mi ní òpùrọ́ lójú àwọn èèyàn?"

"Mo pè é."

"Tó bá jẹ́ pé kì í ṣe òun ńkọ́?"

"Òun ni."

Ó jókòó, ó fọwọ́ lérán. "Ọ̀rọ̀ yín ti sú mi. Ìwọ lọwọ́ ọ̀tún mi, òun lọwọ́ òsì mi. Èwo wá ni kí n gé?"

Mo ní kó gé ti òsì. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ wa dìde nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó lọ sùn láìjẹ́ pé ẹnì kan lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wá tú kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ó fa abọ́ omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, ó sì yí imú padà. Omi yẹn ló bu, òun ló kó ran àwo gbogbo. Ó bèèrè pé ta ló ń pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi ni. Láti ìgbà tí ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rántí abọ́ omi.

Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìn-ín gba iwájú mi kọjá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyàwó wa." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Oòrùn yọ lónìí, aṣọ gbẹ. Sẹ́ẹ̀lì tuntun ń dàgbà dáadáa. Mo ń pààrọ̀ omi abọ́ ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni tí wọ́n gégùn-ún fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọ̀gá kò dúró dè mí. Ó ti yàn. Mọ́kànlá ni! Ó ti fi í sínú ohun tí yóò sọ fún àwọn àlejò. Ó ní kí n ṣáà parí àyẹ̀wò fìtílà lásán yẹn kí àbá mi má baà wà nílẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò kó Ogójì kúrò nínú firísà kí àyè lè wà.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹlẹ́rìn-ín ń bá wọn pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo gbádùn rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà purọ́ fún ara mi tó bá di ọjọ́ iwájú: mo gbádùn rẹ̀ gan-an.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo da Ogójì sórí sẹ́ẹ̀lì tó ní fìtílà lásán. Mo da Mọ́kànlá sí apá kejì àwo náà, kí wọ́n má baà ní mo ṣe ojúsàájú. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ, mo ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

Ogójì: fìtílà ń tàn yòò. Kò fọwọ́ kàn án rárá.

Mọ́kànlá: òkùnkùn.

Mo rò pé mo gbé àwo náà sódì. Mo yọ ọ́, mo wo àmì tí mo fi sí i, mo dá a padà, mo tún un kà. Òkùnkùn náà wà lábẹ́ Mọ́kànlá, níbi tí kò ti sí olè kankan tí ìbá pa.

Fìtílà ló ń pa. Ọdún mẹ́rin gbáko, fìtílà ló ń pa. Olè ń rìn kiri nínú òkùnkùn, èmi ń jó níwájú ẹ̀rọ.

Ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ mi kì í fi í padà bí mo bá fi kún un. Alárinà tí kì í pọ̀ jù kì í ṣe alárinà. Ẹlẹ́rìn-ín bi mí ní ìbéèrè gidi lọ́jọ́ yẹn, mo sì bú u.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo tún un ṣe. Oògùn tuntun, àwo tuntun. Bákan náà ni. Mo fọ àwo náà mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹlẹ́rìn-ín wá sílé lọ́sàn-án. Ọkọ mi ti jáde. Kò gba omi, kò fara ti àga.

"Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ Ọ̀gá kó fi mí sábẹ́ yín. Ohunkóhun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi ò ní pẹ́ bímọ."

"Ogójì wá ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò ti borí ni? Èmi fúnra mi ni màá dà á nù. Mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án."

Nílé la wà, mo gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ lọ sinmi, ọkọ mi. Màá bá a sọ̀rọ̀." Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí láìsí ẹ̀rín níbẹ̀. Ojú ọkọ mi ni, kò yàtọ̀ rárá. Mo túbọ̀ kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọ̀gá bèèrè èsì. Mo ní kò tíì pé. Òjò kò dá láti àná.

Mo ti rò ó tọ̀tún tòsì. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò gbé Mọ́kànlá dé ọ̀dọ̀ eku, eku yóò kú, wọn yóò ní ó ṣe ni láàánú, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣe máa ń rí. Ọdún méjì yóò ti kọjá kó tó dìgbà náà. Èmi yóò ṣì wà nídìí tábìlì mi. Kò sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti pinnu láti dákẹ́. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí wọ́n lè máa yìn mí lọ́la. Mo jí, mo wẹ̀, mo wọ láàbù, ẹnu mi wà ní pípadé.

Ẹlẹ́rìn-ín dúró níwájú firísà, ó wọ ìbọ̀wọ́, garawa ìdọ̀tí wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń yọ ìgò Ogójì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Á nu yìnyín ara rẹ̀, á ka àkọlé rẹ̀, kó tó gbé e sínú garawa. Ta ló ń nu ohun tó fẹ́ dà nù? Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní bó bá gbé ìgò kan láìka àkọlé rẹ̀, màá gé e lọ́wọ́.

Mo lè gbé irọ́ tèmi gorí tábìlì. Mo ti yẹ ara mi wò, mo rí i pé mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kí n dúró máa wò bí wọ́n ṣe ń da oògùn tó ń ṣiṣẹ́ sínú garawa, ara mi kọ̀ ọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dá a padà."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní dá a padà sínú firísà! Gbogbo ẹ̀! Ṣé o fẹ́ kó yọ́ ni?"

Gbogbo láàbù yíjú sí wa. Ọ̀gá jáde sí wa. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn: Mọ́kànlá ló ń pa fìtílà, Ogójì ò pa á rárá, mo sì ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ọ̀gá ní, "O mọ̀, o sì ń wò mí níran?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kúrò níwájú mi."

Ẹlẹ́rìn-ín kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa ìgò kúrò nínú garawa.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àwọn àlejò dé. Ọ̀gá ní kí n jókòó sẹ́yìn, kí n má la ẹnu. Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ Ogójì, ó sọ ọ́ dáadáa, mi ò ní purọ́. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ẹni tó rí àṣírí oògùn kejì. Ẹlẹ́rìn-ín nàka sí mi, ó ní, "Àwọn ló ni ín, àwọn náà ló pa á." Gbogbo orí yí padà wá wò mí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Mo kó Mọ́kànlá jáde lónìí. Mi ò nu ìgò kankan, mi ò ka àkọlé kankan. Wọ́n ti tú àwọn èèyàn mi ká láti àná, mo sì ti di báàgì mi, kí ẹni tó bá fẹ́ lé mi má baà dúró pẹ́. Ọdún mẹ́rin kò kún garawa kan.

Ẹlẹ́rìn-ín wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, "Má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ti bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin ni mo fẹ́ lọ́dọ̀ mi."

"Láti ṣe kí ni? Láti máa gbé omi fún ẹ?"

"Àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi fẹ́ràn Ogójì jù. Tí àbùkù bá wà lára ẹ̀, wọn ò ní rí i. Èmi náà ò ní rí i. Ẹ̀yin nìkan lẹ kórìíra ẹ̀ tọkàntọkàn." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má jáwọ́. Ẹ máa kórìíra ẹ̀ lọ. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ bá mọ̀ láti fi hàn pé irọ́ ni, ẹ gbà á. Tí ẹ bá ṣe é títí, tí ẹ ò rí i pa, á jẹ́ pé oògùn ni."

Ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú yẹn náà ni, kò yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dá ọwọ́ dúró, wọ́n ń gbọ́ ohun tí màá sọ. Mo wo garawa tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo rántí àyẹ̀wò mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe fún Ogójì, tó jẹ́ pé bí mo bá fi ọ̀kan nínú wọn kàn án, ó lè ṣubú.

Mo ní, "Ìyẹn ò le rárá, ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n rí ẹ̀rọ yẹn lò lọ́la."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, mi ò wẹ̀yìn. Ẹlẹ́rìn-ín lọ sídìí pátákó, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́, ó sì kọ tèmi rọ́pò. Kì í ṣe orúkọ mi ló kọ. "Ìyàwó wa" ló kọ, gàdàgbà gàdàgbà. Mi ò pa á rẹ́.